Atẹ̀wé Tó Ń Dúró Kí Ògiri Rẹ̀ Wó

Àìbìkítà ni àrùn ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ojúkòkòrò ló sì gbé àrùn náà pọ̀n. Atẹ̀wé ni. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ní. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lókè, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà nísàlẹ̀, yàrá ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ìwé gbogbo ayé ló ń tẹ̀, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò léraléra kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́. Ìwé tirẹ̀ nìkan ni kò kà.

Ìwé adójútòfò ilé rẹ̀ ni mo ń wí. Lọ́jọ́ tó fẹ́ fọwọ́ sí i, obìnrin tó wá láti ilé-iṣẹ́ adójútòfò fẹ́ là á yé e.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Iná, ìjì, omi tó bá ya wọlé lójijì, a máa san ti ìwọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, tẹ́ ẹ rí i tẹ́ ẹ ò tún un ṣe, a ti yọ ọ́ kúrò nínú àdéhùn. A kì í san án."

"Mo ti gbọ́, mo ti gbọ́," ni atẹ̀wé dáhùn, ó ti ń wá bíírò. "Ẹ ṣáà máa san?"

Láti ọjọ́ náà ló ti ń fẹlá. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní kó pa iná ẹ̀rọ kó tó jáde, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Nígbà tó yá, páìpù táǹkì omi orí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Omi náà ń gba inú ògiri wálẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń mi ògiri kan náà jìgìjìgì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí ògiri yàrá ìyá fi là. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ti atẹ̀wé ti lanu, kò sì sẹ́ni tó pa á dé.

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba ìyá. Iyanrìn ń dà sórí ìrọ̀rí rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, á máa gbọ́ tí nǹkan ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú ògiri. Ó di pé orí ìjókòó ló ń sùn, ó dojú kọ ògiri, kó lè rí i bó bá ń bọ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí," ni ó sọ fún atẹ̀wé.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. A ti gbàwé lé e lórí."

"Ìwé lè gbé ògiri dúró ni?"

Atẹ̀wé rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ló lọ pe bíríkìlà. Bíríkìlà ki ìka bọ ibi tó là, ìka náà wọlé tán. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ gbé màmá kúrò níbí lónìí," ni ó wí. "Ẹ ti omi yẹn pa, ẹ jẹ́ kí n fi igi ti ògiri yìí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò o. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a."

Atẹ̀wé lé e jáde. Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Tó bá tún un ṣe, kí ni àwọn adójútòfò máa san? Jẹ́ kó wó! Ìgbà yẹn ni wọ́n á kọ́ tuntun fún wa."

"Màámi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn wá sókè."

"Tá a bá gbé wọn jáde, wọ́n á ní a ti mọ̀ pé ó máa wó. Ògiri kì í wó láì kọ́kọ́ fún èèyàn lámì, ìgbà náà la ó gbé wọn."

Èmi tí mò ń sọ ọ́ yìí, ara mi bù máṣọ. Ọmọ tí ìyá pọ̀n dàgbà ló sọ bẹ́ẹ̀! Ìyàwó rẹ̀ sunkún, ó bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, atẹ́gùn díẹ̀ fẹ́, òjò wẹ́wẹ́ tẹ̀lé e. Òjò tí kò tó kí èèyàn torí rẹ̀ ká aṣọ lórí okùn ni. Ìyàwó atẹ̀wé sáré sọ̀kalẹ̀ láti gbé ìyá. Ó ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn nígbà tí ilé mì, ariwo sì sọ gbàù bí ìgbà tí ọkọ̀ bá da òkúta sílẹ̀. Eruku bo gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

"Màámi!" ni atẹ̀wé kígbe.

Ó fi ọwọ́ lásán wú búlọ́ọ̀kù títí èékánná rẹ̀ fi ṣí. Ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe Ọlọ́run. Wọ́n bá ìyá láàyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti fọ́.

Obìnrin adójútòfò wá wo ilé.

"Ìjì ni o!" ni atẹ̀wé wí. "Ìjì ńlá, lójijì ni!"

Obìnrin náà gbé búlọ́ọ̀kù kan yẹ̀ wò. Omi ti sọ inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá ní ilé ìwòsàn, atẹ̀wé sì tẹ̀lé e.

"Ẹ kú ewu, màmá. Ìgbà wo lẹ ti rí i pé ògiri yẹn fẹ́ wó?"

Atẹ̀wé ń ṣẹ́jú sí ìyá rẹ̀. Ìyá kò rí i. Ògiri ilé ìwòsàn ló ń wò.

"Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mo sọ fún un. Mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibi tó là, tó ní kí wọ́n jẹ́ kó wó." Ó di ọwọ́ obìnrin náà mú. "Ṣé ògiri tibí yìí lágbára?"

Atẹ̀wé kò lè gbójú sókè. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò san kọ́bọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá wó èyí tó kù nínú ilé náà, nítorí pé ó ti fì. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá a lọ. Ọ̀dọ̀ atẹ̀wé mìíràn ni ọkùnrin náà ti ń gbálẹ̀ báyìí. Ìyá rẹ̀ kò rìn mọ́. Nígbàkúùgbà tí ọmọ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé e lọ wẹ̀, ìyá á di ẹsẹ̀ ibùsùn mú pinpin, á ní, "Níbo lò ń gbé mi lọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbọ́ ohun tí èyí ń kọ́ wa. Ẹ mọ ewu tí wọ́n ní àwọn máa san, kí ẹ sì mọ èyí tí wọ́n yọ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ tún mọ ohun tó ń pe ewu wálé: páìpù tó ń jò, wáyà tó ti bó, òrùlé tó ti jẹrà. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ tó dijú sí i, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ jáwèé ìyà. Àjálù tí a kò rò tì ni adójútòfò wà fún. Kò wà fún àjálù tí a fi ọwọ́ ara wa tọ́ dàgbà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ san owó náà pé, kò sí iye tó lè mú kí ìyá tún fọkàn tán ọmọ tó fi í sábẹ́ ògiri.