Iṣẹ́ Mùfútáù Ò Gba Àyẹ̀wò

Ọláníkẹ́ ń wá ilé Mùfútáù kiri ní Agbowó, ó gbé àpò ìrẹsì dání.

Kò fojú kàn án rí. Orí ayélujára ni wọ́n ti mọra.

Mùfútáù wà lára àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Òun ló kọ apá tó ń gba pásíwọọ̀dù. Iléeṣẹ́ Ọláníkẹ́ ní Bódìjà kó iṣẹ́ irú wọn jọ, wọ́n sọ ọ́ di ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ọsibítù.

Bí ẹlòmíì bá fi àtúnṣe ránṣẹ́, wọ́n á tú u wò fínnífínní. Ti Mùfútáù kọ́. Ta ló ń yẹ ọwọ́ ẹni tó ti ń ṣe é lóore láti ọdún mẹ́fà wò?

Àtúnṣe rẹ̀ tuntun wọlé láàárọ̀ yìí. Ọláníkẹ́ fọwọ́ sí i kó tó jáde nílé. Ní báyìí, ó ti dé orí gbogbo kọ̀ǹpútà tí wọ́n tà.

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ káàsán mà. Láti iléeṣẹ́ kan ní Bódìjà ni. Ọ̀gbẹ́ni Mùfútáù ni mo wá kí."

Omi lé ròrò sójú obìnrin náà.

"Ẹ ṣeun, ẹ ò gbàgbé ọkọ mi. Ẹni tí ẹ rán wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ wọn náà gbìyànjú."

Iléeṣẹ́ Ọláníkẹ́ ò rán ẹnikẹ́ni.

"Ọjọ́ kẹjọ kẹ̀, mà?"

"Oṣù kẹta rèé tí a ti sin wọ́n. Ó ní ẹ fẹ́ gba kọ̀ǹpútà wọn, kí iṣẹ́ wọn má baà dúró. Mo tiẹ̀ bá a kọ pásíwọọ̀dù wọn sórí ìwé."