Bọ̀wálé Ṣílẹ̀kùn Sátẹ́láìtì Nítorí Ẹgbẹ́

Ẹ má fò ó o, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá kà á tán, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́, pàápàá èyí tó máa ń bínú tí wọ́n bá ní kó fi ara rẹ̀ hàn.

1.
Bọ̀wálé ni ọ̀gá ní ibùdó kan lójú ọ̀nà Ayépé, níbi tí wọ́n ti ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Sátẹ́láìtì yìí ló ń gbé ìkìlọ̀ ìjì lọ fún àwọn ọkọ̀ apẹja lórí òkun. Ayọ̀tọ̀míwá, àbúrò Bọ̀wálé kan ṣoṣo, wà nínú ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà.

Azeemah, tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wọn, ti ṣe òfin kan: ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nítorí pé ó mọ̀ ọ́n lánàá. Gbogbo ìgbà téèyàn bá fẹ́ wọlé ni yóò fi ara rẹ̀ hàn, ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì mọ nìkan ni yóò dé. Kò yọ ọ̀gá pàápàá sílẹ̀.

"Ṣé olè ni mí ni?" Bọ̀wálé máa ń sọ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀.

2.
Lọ́jọ́ Ajé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti orí fóònù Ernest, tí òun àti Bọ̀wálé jọ wà nínú Régbérégbé kan náà, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, ní Ìjẹ̀bú-Òde láti ogún ọdún. Ó ní iléeṣẹ́ òun fẹ́ dán ẹ̀rọ tuntun wò, kí Bọ̀wálé jọ̀ọ́ ṣílẹ̀kùn ẹ̀rọ ibùdó fún òun.

"Sà, ẹ pè wọ́n, ká gbọ́ ohùn wọn," Azeemah bẹ̀ ẹ́.

"Kí n pe ẹgbẹ́ mi, kí n bi í bóyá òun ni? Ẹni tá a jọ ń lọ kí Ọba lọ́dọọdún? Ìwọ ọmọ yìí, wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

Azeemah kọ̀, kò ṣí i. Bọ̀wálé lé e lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí gbogbo ibi sílẹ̀ gbayawu. Ẹ ò rí ìgbéraga?

3.
Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ, ìkìlọ̀ ìjì ńlá dé ibùdó. Kò gòkè lọ sórí sátẹ́láìtì. Bọ̀wálé sáré tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ̀rọ ní òun ò mọ̀ ọ́n. Àwọn olè tó gba ibi tó ṣí sílẹ̀ wọlé ti pa orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ́. Nọ́ńbà Ernest ò lọ, ló bá pe Matilda, ìyàwó rẹ̀.

"Bọ̀dá Bọ̀wálé, wọ́n ti jí fóònù ọkọ mi láti ọjọ́ Àìkú. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Azeemah tó lé kúrò náà ló padà wá gba ẹ̀rọ ọ̀hún lọ́wọ́ àwọn olè náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ìkìlọ̀ tó gòkè, ìjì sì ti jà tán. Èèyàn mọ́kànlá ló wà nínú ọkọ̀ Ayọ̀tọ̀míwá. Wọn ò rí ẹyọ ẹnì kan.

4.
Ìyá wọn ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ò sunkún. Ó kàn ń wo Bọ̀wálé.

"Ṣé ìwọ kọ́ lò ń sọ fún wọn tí ìjì bá ń bọ̀?"

"Èmi ni, Màámi."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ fún àbúrò rẹ?"

Ìyá náà ní kó jáde, kó má sì padà wá mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, tí ọmọ iṣẹ́ bá ní kí ẹ fi ara yín hàn, kò rí yín fín. Ẹ fi hàn. Ọ̀rẹ́ o, ẹgbẹ́ o, àna o, ẹ bi wọ́n lónìí, kí ẹ tún bi wọ́n lọ́la. Ìpè kan péré ni Azeemah bẹ Bọ̀wálé pé kó pè. Kò pè é, èèyàn mọ́kànlá sì bá òkun lọ.