Ohùn Alhaja Suwebat Tó Dé Topo Lẹ́yìn Ikú Rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàárín. Ẹ kà á dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó tún tẹ líǹkì kankan lórí fóònù yín.

Ẹnu Naheem, ọmọ Alhaja Suwebat tó ń ta àgbọn ní Àgbádárìgì, ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kejì ọdún 2025. Naheem kì í ṣe òpùrọ́.

Nínú ààwẹ̀ tí Alhaja gbà kẹ́yìn, ó jókòó, ó ki àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: oríkì baba, oríkì ìyá, ibi tí ìdílé ti ṣí wá. Tàwàkálítù, àkọ́bí rẹ̀, fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà Alhaja kú. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ oríkì yẹn parí.

Láti ìgbà yẹn, ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun, àwọn ọmọ á péjọ sílé Tàwàkálítù ní Ajara. Á gbé fóònù sórí tábìlì, ohùn ìyá wọn á jáde, àwọn àgbà ọkùnrin á sì máa nu ojú.

"Àǹtí Tàwà," ni Naheem wí lọ́jọ́ kan, "ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, kó wà lọ́wọ́ gbogbo wa."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àbí ilé mi ń rùn ni?"

"Kò rùn o. Bí fóònù yẹn bá bọ́ sínú ọ̀sà ńkọ́?"

"Inú ímeèlì mi ló wà, kò sí lórí fóònù. Ímeèlì kì í bọ́ sọ́sà. Èmi ni àkọ́bí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ Màmá, kó wá sí Ajara."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi ibẹ̀ sọ́kàn.

Pásíwọ́ọ̀dù ímeèlì náà, "Suwebat" ni, orúkọ tí gbogbo ẹni tó ń ra àgbọn mọ̀. Òun kan náà ni Tàwàkálítù fi ń ṣí ohun gbogbo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, ẹnìkan fi líǹkì kan sínú gúrúùpù Wásáàpù. Wọ́n ní áàpù tó ń mú kí àwòrán òkú rẹ́rìn-ín ni. Tàwàkálítù tẹ̀ ẹ́. Fóònù rẹ̀ kìlọ̀ pé ibi tí áàpù yìí ti wá kò dájú. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni." Áàpù ní òun fẹ́ wo àwòrán rẹ̀, kí òun máa ka ohun tó ń wọlé sórí fóònù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kó kọ ímeèlì àti pásíwọ́ọ̀dù. Ó kọ ọ́. Nọ́ńbà mẹ́fà tí Wásáàpù fi ń mọ onífóònù wọlé, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kó má fi han ẹnikẹ́ni. Ó kó o fún áàpù náà.

Àwòrán Alhaja sì ṣẹ́jú. Ó rẹ́rìn-ín!

"Yéè! Màmá mi!" Tàwàkálítù kúnlẹ̀ níwájú fóònù. Naheem tó wà níbẹ̀ kò lè sọ ju "Sùbùhánalláà" lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ímeèlì kọ̀ kò ṣí. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Wásáàpù rẹ̀ náà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ gbọ́ èyí tó yani lẹ́nu jù.

Ìyá Mautin, ọmọ Ògù, àwọn tí à ń pè ní Ẹ̀gùn, tó ń yan ẹja ní Topo ní òdìkejì ọ̀sà, ni ọ̀rẹ́ Alhaja láti ìgbà èwe. Ó wà níbi tí wọ́n ti sin ín. Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, ohùn kan wọlé sí i lórí Wásáàpù láti nọ́ńbà Tàwàkálítù.

"Ìyá Mautin, ẹ káàárọ̀ o. Suwebat ni. Nọ́ńbà mẹ́fà kan ń bọ̀ lórí fóònù yín, ẹ kà á fún mi."

Ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn Suwebat ni, kò yàtọ̀ rárá! Olè náà ti fi oríkì tó jí kọ́ ẹ̀rọ láti sọ̀rọ̀ bíi Alhaja. Kò mọ̀ pé olóhùn ti kú. Ó rò pé olóhùn náà, Suwebat inú pásíwọ́ọ̀dù, ló ni fóònù.

Ìyá Mautin dáhùn bí Suwebat ṣe máa ń kí i láràárọ̀, ní èdè Ògù: "A fọ́n ganji à?" Ṣé o jí dáadáa?

Ohùn náà padà wá: "Kò yé mi. Ẹ ka nọ́ńbà náà kíákíá."

Ìyá Mautin dìde dúró. "Ògù tí mo fi ẹnu mi kọ́ Suwebat ni kò yé e? Ikú gba ẹ̀mí ọ̀rẹ́ mi, kò gba Ògù lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ olè, ojú tì ọ́!" Ó pa fóònù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wá Naheem lọ.

Nígbà tí wọ́n rí ímeèlì náà gbà padà, ó ti ṣófo. Oríkì ti lọ. Tàwàkálítù kò lè gbójú sókè wo àwọn àbúrò rẹ̀.

Ìyá Mautin ló ní, "Ẹ wá sí Topo. Ohùn rẹ̀ kan tó fi ránṣẹ́ sí mi nígbà ayé rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi."

Gbogbo wọn sọdá. Ó tẹ fóònù rẹ̀, Alhaja Suwebat gan-an sì sọ̀rọ̀: "A fọ́n ganji à? Ẹja tó o fún mi lánàá, iyọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí o! Ṣé inú òkun lo ti yan án ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bú sẹ́kún.

"Naheem," ni Tàwàkálítù wí, "gbà á. Kí olúkúlùkù yín gbà á. Ẹ má dúró dè mí mọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má gba áàpù láti inú líǹkì tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀. Ẹ má fi orúkọ tí gbogbo ayé ń pè ṣe pásíwọ́ọ̀dù, ẹ má sì fi ẹyọ kan ṣí gbogbo ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, bó tilẹ̀ jẹ́ ohùn ìyá yín ló ń bèèrè. Ohun tó bá ṣọ̀wọ́n nínú ìdílé, ẹ má jẹ́ kó wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejì ọdún 2025, ní etí ọ̀sà Topo, ni àwọn ọmọ Alhaja Suwebat parí ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn.