Mo Mọ Ọwọ́ Ọmọ Mi

Àtẹ́wọ́ gba gbogbo yàrá ìwádìí.

Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró layé ń tọ́ka sí báyìí, oògùn sì ti tibẹ̀ jáde.

Fóònù ẹ̀ dún. Màmá ẹ̀ ni.

"Ọmọ mi, èmi ni mo ní kí wọ́n má sọ fún ẹ. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe mí. Àmọ́ fọkàn balẹ̀, oògùn tìẹ ni mo ń lò."

"Màmá, èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti pa á tì. Ṣé tọmọ mi ò wà ńlẹ̀ ni?"

Omijé dà lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n.

"Omijé ayọ̀ rèé o!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ tún pàtẹ́wọ́.

Wọn ò mọ̀ pé àárọ̀ yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tún sẹ́ẹ̀lì yẹn yẹ̀ wò, tó sì rí àṣìṣe ẹ̀.

Nígbà tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ìgò oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló fi bọ́ àwo méjì, ọ̀kan ti jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọ̀kan ti jẹjẹrẹ awọ ara. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara bá ìgò náà wọ àwo ẹ̀dọ̀fóró, ó sì gba ibẹ̀ kanlẹ̀.

Ẹ̀dọ̀fóró kankan ò sí nínú iṣẹ́ náà.

"Ṣó ò ń gbọ́ mi? Dókítà ní òun ò tíì rí ìyàtọ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, mo mọ ọwọ́ ọmọ mi."