Ìjókòó Kan fún Ìgbà Ọyẹ́

Láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ni òjò ti ń ṣípò fún ọyẹ́, tí ọyẹ́ sì ń ṣípò fún ooru, kò sì sí ẹni tó mọ iye ìgbà tí òun yóò tún rí wọn. Ẹ̀rọ tó ń ṣètò ìsinmi ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ènìyàn kò ní rí, kì í tà á fún un, òfin kò sì gbà kí a bèèrè ìdí.

Ní Àkúrẹ́, Fọlárìn àti Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gun Òkè Ìdànrè nígbà ọyẹ́. Ṣọlápé, ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ àwọn arìnrìn-àjò, wo ẹ̀rọ.

“Ìjókòó kan ló wà, mà. Tiyín nìkan.”

Fọlárìn rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ yín ò mọ̀ pé ìyàwó mi kì í dá rìn ni?”

Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín.

“Ìgbà òjò ni ká lọ,” ni Mopélọ́lá wí.

“Ìwọ tó o kórìíra ẹrẹ̀?”

“Mo ti fẹ́ràn rẹ̀ báyìí, Bàbá Ìbùkún.”

Fọlárìn wo ojú rẹ̀ títí, ó sì bu ọwọ́ lùwé.

Oṣù Òkúdù ni wọ́n lọ. Fọlárìn kú ní oṣù Ọ̀wàrà. Mopélọ́lá kò lọ síbikíbi nígbà ọyẹ́ náà. Ṣọlápé ń báṣẹ́ lọ títí di òwúrọ̀ tó fẹ́ yan ìsinmi tirẹ̀, tí ẹ̀rọ kò fi ìgbà kankan hàn án.