Ajá Ọdẹ́gbàmí Kò Sùn

Ní ìlú kan lápá Òkè-Ògùn, ẹ̀yin ọmọ, ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́gbàmí. Ó mọ igbó, ó mọ ìbọn, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti sọ pé òun ṣẹ̀. Ìgbéraga rẹ̀ pọ̀ jù.

Àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń febi pa ajá kí wọ́n tó mú un wọgbó, kí ojú rẹ̀ lè le mọ́ ẹran. Ọdẹ́gbàmí tilẹ̀ fi òǹgbẹ kún un fún Máwobẹ̀, ajá tó fẹ́ràn jù láyé. Bí wọ́n ṣe dégbó lọ́jọ́ kan, ìmàdò fi eyín ya ajá náà níkùn. Ọdẹ́gbàmí gbé e, ó sáré lọ bá Ìbídùn, ọ̀dọ́bìnrin tó jẹ́ dókítà ẹran nílùú. Ìbídùn bi í bóyá ajá náà ń jẹun, tó ń mu omi dáadáa. Ojú ti bàbá láti sọ òótọ́. Ó ní lójoojúmọ́ ló ń jẹ tó ń mu.

Ìbídùn gba ọ̀rọ̀ àgbà gbọ́. Ó gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ akunilóorun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ikùn rẹ̀. Kò pẹ́ tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ajá náà já wálẹ̀, tí èrìgì rẹ̀ funfun, tí ara rẹ̀ ń tutù. Ìbídùn dáwọ́ ikùn rírán dúró, ó dín oògùn oorun kù, ó fa omi sí i níṣan, ó sì fi aṣọ bò ó.

Ni Ọdẹ́gbàmí bá fárígá lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí ló ń dá a dúró, ajá òun kúkú ń sùn jẹ́jẹ́. Ó ní kó rán an kó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á fẹjọ́ rẹ̀ sun ọba. Ẹ̀rù ba Ìbídùn, kí n má parọ́, àmọ́ kò yẹsẹ̀.

“Bàbá, oorun kọ́ nìyí. Ẹ̀jẹ̀ ò dé ibi tó yẹ nínú ara rẹ̀ mọ́. Okun tó kù fún un ló ń jó tán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti ń kan bí ògì. Ẹ lọ fẹjọ́ mi sùn níbi tó bá wù yín, mi ò ní rán an títí ìfúnpá rẹ̀ á fi gòkè. Ìgbà wo ni ajá yìí jẹun gbẹ̀yìn?”

Bàbá wo ahọ́n ajá rẹ̀ tó yọ síta. Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́.

“Kò jẹ láti ìjẹta. Omi gan-an, mi ò fún un.”

Lójú ẹsẹ̀, Ìbídùn fi ṣúgà kún omi náà, ó sì jẹ́ kó máa wọlé dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ni ìfúnpá gòkè, ló bá rán ikùn náà parí. Máwobẹ̀ jí. Ṣùgbọ́n àkókò tí irọ́ fi ṣòfò ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, kò sì lè sáré nígbó mọ́. Tí àwọn ọdẹ bá súfèé pè, á gbìyànjú láti dìde, á tún dùbúlẹ̀, Ọdẹ́gbàmí á sì gbójú sá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: irọ́ tí ẹ bá pa nítorí ìtìjú, ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lè fara gbá a. Tí ẹ bá sì mọ ohun tó tọ́, ẹ dúró lé e gbọn-in. Ẹni tó bá fẹ́ pariwo, kó máa pariwo, ìbáà jẹ́ àgbà, ìbáà jẹ́ ọba.