Àpótí Iye Ọmọ

Ní àárọ̀ yìí, ẹ̀rọ omi àdúgbò wa kọ̀ fún mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi èdè R kọ máa ń ka fáìlì gbogbo ilé, tí á sì kun ilà ilé kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé fún ẹni tó máa pọn omi, àwọ̀ eérú fún ẹni tí kò ní pọn. Tiwa di eérú.

"Ìyá Ìrètíọlá, ẹ fi àpótí iye ọmọ inú fọ́ọ̀mù yín sílẹ̀ lófìfo," ni Ọmọwùmí tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ wí. "Bí àpótí yẹn bá ti ṣófo, ètò á gbà pé kò sí èèyàn nílé yín."

"N kò gbàgbé o. A kì í ka ọmọ, kí ikú má baà gbọ́ iye wọn. Orúkọ wọn ni mo kọ síbẹ̀."

"Ó ti pa orúkọ rẹ́, mà. Nọ́ńbà nìkan ló ń gbà."

Àwọn ọmọ mi dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú korobá. Mo nawọ́ sí wọn. "Ojú ẹ fọ́ ni? Ṣé o ò rí wọn?"

"Mo rí wọn, mà. Ètò ni kò rí wọn."

"Ẹ kà wọ́n jàre!" ni ẹnì kan pariwo láàárín àwọn tó tò sẹ́yìn wa. "Àbí ẹ̀yin nìkan lẹ bímọ?"

Mo... mo wo kámẹ́rà orí òpó. Ẹni tó bá jà níbẹ̀, wọ́n á yọ ilà rẹ̀ kúrò pátápátá. Mo tẹ iye wọn sínú àpótí náà. Omi dà.

Àwọn ọmọ gbé omi ṣáájú mi. Mo ń wò wọ́n lẹ́yìn, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnu mi ń kà wọ́n. Mo fi ọwọ́ bò ó. Ojú mi ṣì ń kà lọ.